Ara Obìnrin Lójú Ọjà: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Àròsọ Nàìjíríà

Ara obìnrin kì í ṣàdédé wọnú ìtàn àròsọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Aṣọ ni yóò kọ́kọ́ wọlé, tàbí irun, tàbí òórùn ìpara, kí ojú àti ìrìn tó tẹ̀ lé e. Láti 1929 tí I. B. Thomas ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, títí dé 2024 tí Damilare Kuku gbé Only Big Bum Bum Matters Tomorrow jáde, ohun tí obìnrin rà, tàbí tí wọ́n rà fún un, ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi ń júwe rẹ̀. Ohun tí àwọn lámèyítọ́ ń jà lé lórí ni ẹni tó ń darí àpèjúwe náà. Ṣé ọjà ló ń pàṣẹ fún òǹkọ̀wé bí obìnrin ṣe gbọ́dọ̀ rí ni? Ṣé ọkùnrin ló ń fi ọjà bojú? Ṣé obìnrin náà ló ń fi owó ara rẹ̀ ra ìrísí tó wù ú? Àbí ẹwà tí à ń fi owó rà ti wà nílẹ̀ kí ilé ìtajà òyìnbó àkọ́kọ́ tó ṣí l'Ékòó?

Àṣà ìrajà tí à ń sọ níhìn-ín ju kí ènìyàn lọ sọ́jà lọ. Òun ni ìgbé ayé tí ohun tí a rà ti ń ṣe ẹlẹ́rìí fún irú ẹni tí a jẹ́, tí mọ́tò, aṣọ àti awọ ara ń sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè orúkọ baba ẹni. Ó rọrùn láti rí i ní Àbújá. Òfin ìjọba ológun ti Oṣù Kejì 1976 ló dá agbègbè olú ìlú náà sílẹ̀, owó epo rọ̀bì ló kọ́ ọ, ìjọba àpapọ̀ sì kó kúrò l'Ékòó lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 12 Oṣù Kejìlá 1991. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé Wuse, Maitama tàbí Gwarinpa ló ti ibòmíràn wá. Agbo ilé tí ì bá jẹ́rìí sí wọn jìnnà, nítorí náà ohun tó wà lára wọn ni àlejò fi ń díwọ̀n wọn. Àbújá yìí kan náà ni Bibi Bakare-Yusuf àti Jeremy Weate ti dá ilé ìtẹ̀wé Cassava Republic sílẹ̀ ní 2006, ẹ̀yìn ìlú rẹ̀ sì ni Abubakar Adam Ibrahim fi ṣe ibùdó Season of Crimson Blossoms, ìwé tó gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ NLNG ní 2016.

Ọ̀nà márùn-ún ni èrò pín sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò jìnnà síra wọn tó bí àríyànjiyàn wọn ṣe ń mú un jọ. Lámèyítọ́ kan náà lè fi ẹsẹ̀ kan síhìn-ín kó fi èkejì sọ́hùn-ún.

Àwọn tó ní wọ́n ti sọ ara di ọjà

Èrò yìí ló pẹ́ jù, ohùn rẹ̀ ló sì ròkè jù. Orí ìmọ̀ Karl Marx ni wọ́n dúró lé: níbi tí ohun gbogbo bá ti ní iye owó, ara ènìyàn kò lè yọ sílẹ̀. Jean Baudrillard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ìwé rẹ̀ ti 1970 lórí àwùjọ ìrajà tì í síwájú. Ó ní nínú gbogbo ohun tí ayé òde òní ń rà tó ń tà, ara ló gba iwájú, ara obìnrin ní pàtàkì, torí òun ni wọ́n fi ń ta ìyókù.

Àpẹẹrẹ tí wọn kì í fò ni Jagua Nana tí Cyprian Ekwensi kọ ní 1961. Orúkọ mọ́tò olówó iyebíye ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pe obìnrin tí ìtàn náà dá lé, nítorí bó ṣe ń múra àti bó ṣe ń dán. Ó ti lé lógójì ọdún. Ó ń fi àtíkè bo ọjọ́ orí, ó sì mọ̀ pé gbogbo alẹ́ tí òun bá wọ ilé ijó Tropicana l'Ékòó, àwọn ọmọdébìnrin tí ara wọn ṣì ń tàn ti ń gba ipò lọ́wọ́ òun. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ èrò yìí ní òǹkọ̀wé kò purọ́: ìlú tó ń ta mọ́tò náà ló ń ta obìnrin náà, bákan náà ni àwọn méjèèjì sì ń gbó.

On Black Sisters' Street tí Chika Unigwe kọ, tó gba ẹ̀bùn NLNG ní 2012, mú ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tí kì í ti í ṣe àfiwé mọ́. Àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ Áfíríkà dúró lẹ́yìn gíláàsì ní Antwerp, ní ilẹ̀ Belgium, àwọn ọkùnrin tó ń kọjá sì ń yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó béèrè iye. Ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́ láti Èkó ti ṣírò gbèsè sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́rùn, oṣooṣù ni wọ́n sì ń san án. Swallow ti Sefi Atta (2010) gba ọ̀nà mìíràn. Ní Èkó ti àárín ọdún 1980 sí 1990, ìgbà tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, Rose gbé egbòogi olóró mì kó lè gbé e gòkè òkun, ó sì bá a lọ. Níhìn-ín, kò sí ẹni tó ń wo ẹwà ara. Àpò ìkẹ́rù lásán ló dà.

Agbára èrò yìí wà nínú bó ṣe so ìtàn mọ́ ọrọ̀ ajé. Òǹkàwé á rí i pé àpèjúwe ara ń yí pa dà bí owó ìlú ṣe ń yí. Ibi tó kù sí ni pé kì í mọ ohun tó máa ṣe pẹ̀lú obìnrin tó ń rà, tó sì ń tà. Nígbẹ̀yìn Jagua Nana, owó tí olóṣèlú kan fi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ òwò ní Onitsha. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ro èrò yìí, níbi tí wọ́n ti ka ọjà sí ohun tí ọkùnrin ni, tí obìnrin kàn ń bá pàdé. Ní ilẹ̀ tí Ẹfúnróyè Tinúubú ti fi òwò di alágbára, tí ìyálọ́jà ti ń pàṣẹ títí dòní, a kò lè sọ pé ọjà jẹ́ àjèjì tó wá ká obìnrin mọ́lé. Ìdáhùn wọn sí èyí kò tíì tẹ́rùn.

Àwọn tó ní ọwọ́ ọkùnrin ni, ọjà kọ́

Tíọ́rì ìṣègbèfábo ni èyí dúró lé. Florence Stratton, nínú ìwé rẹ̀ ti 1994 lórí lítíréṣọ̀ Áfíríkà àti ìṣèlú akọ àti abo, tọ́ka sí i pé àwọn òǹkọ̀wé ọkùnrin máa ń fi ara obìnrin ṣe àmì: tí kò bá jẹ́ ìyá tó dúró fún ilẹ̀ Áfíríkà, á jẹ́ aṣẹ́wó tó dúró fún orílẹ̀-èdè tó bàjẹ́. Ọ̀nà méjèèjì, ọkùnrin ló ń sọ ìtàn, obìnrin ni wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Mọlará Ògúndípẹ̀ ka òkè mẹ́fà tó wà lẹ́yìn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà sínú ìwé tirẹ̀. Ọkùnrin jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, àṣà àjogúnbá jẹ́ ọ̀kan, agbára òkèèrè jẹ́ ọ̀kan. Òkè tó kà kẹ́yìn, tó sì tẹnu mọ́ jù, ni obìnrin náà fúnra rẹ̀, ìyẹn ohun tí ó ti gbà gbọ́ nípa ara rẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ wọn ni àwọn ìtàn tí kò sí ìrajà níbẹ̀ rárá. Nínú Thunderbolt, fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 2001 láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí, màgùn ni ọkọ fi sí ìyàwó rẹ̀ lára. Kò sí ìpara, kò sí ìpolówó, síbẹ̀ ara obìnrin náà ti kúrò ní tirẹ̀. Nínú The Secret Lives of Baba Segi's Wives tí Lọlá Ṣónẹ́yìn gbé jáde ní 2010, wọ́n gbé Bọ́láńlé lọ sílé ìwòsàn n'Íbàdàn kí wọ́n lè mọ ohun tó ń ṣe ara rẹ̀ tí kò fi bímọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ gan-an ni kò lè bí. Ọmọ ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀, ẹwà kọ́. Hajiya Binta inú Season of Crimson Blossoms jẹ́ opó, ẹni ọdún 55. Ohun tó dá àdúgbò rú kì í ṣe ohun tí ó rà tàbí tí ó wọ̀. Ohun tí wọn kò lè gbà ni pé obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ ṣì ní ìfẹ́ ọkùnrin lára, àti pé Reza, ọ̀dọ́ tó fo ògiri wọlé láti jalè, ló jí i.

Àbújá fún wọn ní ẹ̀rí mìíràn tí kì í ṣe ìtàn àròsọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó obìnrin lójú pópó lóru, wọ́n ń pè wọ́n ní aṣẹ́wó nítorí aṣọ tí wọ́n wọ̀ àti aago tí wọ́n fi jáde. Ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹwàá 2017, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS, tó wà ní Àbújá gan-an, dájọ́ nínú ẹjọ́ tí òṣèré Dorothy Njemanze àti àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn pe orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó ní orílẹ̀-èdè náà ti tẹ ẹ̀tọ́ obìnrin lójú. Ẹjọ́ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ka ìtàn, nítorí ojú tí àwọn òṣìṣẹ́ náà fi wo aṣọ ni ojú tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi ń wò ó: aṣọ kúkúrú dúró fún iye owó. Ibí yìí ni èrò kìíní àti èkejì ti ń pàdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fẹ́ gbà.

Àyípadà ni èrò kejì kò lè ṣàlàyé. Agbára ọkùnrin ti pẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí pa dà. Kí ló wá dé tí àwòrán arẹwà ń yí láàárín ọdún díẹ̀? Agbani Darego gba adé Miss World ní Sun City, ní Gúúsù Áfíríkà, ní 2001, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tó gbà á. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́pa di ohun ìyangàn lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, tí àwọn àgbàlagbà sì ń béèrè bóyá ọmọ náà ń jẹun. Kò sí bí a ṣe lè fi ọkùnrin nìkan ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀bọ̀ ṣe pàdánù ipò. Tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, àwọn onípolówó wà níbẹ̀, owó ìdíje sì wà níbẹ̀.

Àwọn tó ní obìnrin ń rajà fún ara rẹ̀

Àwọn wọ̀nyí ní ó tó gẹ́ẹ́ kí wọ́n máa káàánú obìnrin tó ń náwó sára. Ìwé tí wọ́n máa ń tọ́ka sí ni Fashioning Postfeminism tí Simidele Dosekun gbé jáde ní 2020, lẹ́yìn tí ó ti bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin Èkó tó ń múra gidi sọ̀rọ̀: wíìgì àti irun àsopọ̀, ìpéǹpéjú àlẹ̀mọ́, èékánná gígùn, bàtà gogoro. Àwọn obìnrin náà ní tara àwọn ni àwọn ń ṣe, pé ọkùnrin kọ́ ni àwọn ń múra fún. Dosekun gbọ́ wọn, ó sì bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò gbé e mì lódindi. Ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà gan-an, pé mo ń ṣe é fún ara mi, jẹ́ ohun tí àwọn onípolówó ń tà káàkiri àgbáyé. Ó ya ni lẹ́nu pé àwọn tó ń fi ìwé náà ṣe ẹ̀rí kì í sábà mẹ́nu ba ìdajì kejì yìí.

Nínú ìtàn àròsọ, Àbújá ni èrò yìí ti rí pẹpẹ rẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 2014, Cassava Republic dá Ankara Press sílẹ̀ fún ìtàn ìfẹ́, orí ẹ̀rọ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ti ń tà á. Àwọn obìnrin inú àwọn ìwé náà níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ní owó tiwọn, wọ́n sì mọ ohun tí ara wọn ń fẹ́. Ìmúra wọn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ìtàn máa jẹ wọ́n níyà fún lójú ewé tó kẹ́yìn, bó ṣe rí fún Sẹ̀gilọlá tí àìsàn dá wó. Àyípadà ńlá ni.

Irun ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù. Nínú Americanah tí Chimamanda Ngozi Adichie kọ ní 2013, Ifemelu fẹ́ lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbà á nímọ̀ràn pé kó na irun rẹ̀. Ògùn ìnarun jó o lórí. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a gé e kúrú, ó sì ku òun àti dígí. Láti Princeton, níbi tí kò ti sí ẹni tó lè di irú irun rẹ̀, ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Trenton lọ́dọ̀ àwọn onídìrí ará Áfíríkà. Ohun tí Adichie rí ni pé kíkọ ọjà kan sílẹ̀ kò mú ènìyàn kúrò lọ́jà: irun àdáyébá náà ní ìpara tirẹ̀, òróró tirẹ̀ àti ìkànnì ayélujára tirẹ̀. Òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ di ojú ìpolówó fún ìṣaralóge No7 ti Boots ní 2016. Àwọn kan rí i bí ìlòdì sí ara ẹni. Lójú ẹni tó bá ti ka ìwé rẹ̀ fínnífínní, kò tako ohun tó kọ.

Kuku ni ó lọ jìnnà jù. Témì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì, sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ pé Èkó ni òun ń lọ, láti ṣe iṣẹ́ abẹ tí yóò mú ìdí òun tóbi. Ìyá dá sí i, ẹ̀gbọ́n dá sí i, àwọn àǹtí dá sí i. Bí oníkálùkù sì ṣe ń bá a wí ni àṣírí ohun tí ara tirẹ̀ ti rí ń tú. Ìwé náà kò dá Témì lẹ́bi, kò sì dá a láre. Ohun tó ṣe tí àwọn ìwé àtẹ̀yìnwá kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí àwọn obìnrin jiyàn lórí ara obìnrin láàárín ara wọn, nínú ilé.

Àléébù èrò yìí ni owó. Yíyàn wà fún ẹni tó lè sanwó. Nínú A Spell of Good Things tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ gbé jáde ní 2023, ìdílé Ẹniọlá kò rí owó ilé-ìwé san, ọ̀dọ̀ aránṣọ sì ni ó ti ń kọ́ṣẹ́. Wúràọlá jẹ́ dókítà, ọmọ olówó, aṣọ àríyá rẹ̀ kò lóǹkà, síbẹ̀ ọwọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń bà á lára. Ohun tí ó lè rà kò gbà á. Ewu mìíràn tún wà tí ìwé kì í sábà kọ. Ní 2020, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ilé ìwòsàn iṣẹ́ abẹ ẹwà kan pa l'Ékòó lẹ́yìn tí obìnrin kan kú. Ẹni tó kú ti yàn fún ara rẹ̀, ó sì ti sanwó.

Àwọn tó ní ẹwà olówó ti wà tipẹ́

Adúmáadán, apọ́nbéporẹ́, ibàdí àrán, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́: kò sí ìpolówó kan tó kọ́ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ilé-Ifẹ̀ ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ní Igbó Olókun ní ọ̀rúndún mélòó kan kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ náà sì ń rin ọ̀nà jíjìn lọ sọ́jà. Wọ́n ń ra osùn, wọ́n ń ra tìróò, wọ́n ń ra làálì, ẹni tó mọ ṣùkú àti kòlẹ́sẹ̀ dì sì ń gbowó iṣẹ́. Nítorí náà, àwọn wọ̀nyí ní kò tọ́ láti sọ pé ọjà òde òní ló kọ́ òǹkọ̀wé láti máa wo ìdí obìnrin. Ìwé àwòrẹ́rìn-ín Ikebe Super tí Wálé Adénúgà bẹ̀rẹ̀ ní 1976 ti ń ya ìdí obìnrin ní ìlọ́po kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa iṣẹ́ abẹ tí Témì ń lé.

Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí gbé ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn nínú The Invention of Women (1997). Ó ní kí òyìnbó tó dé, ara kọ́ ni Yorùbá fi ń pín ènìyàn sí ipò. Àgbà àti àbúrò ni, ẹni tó kọ́kọ́ wọ ilé àti ẹni tó wọlé kẹ́yìn. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé fífi ara obìnrin ṣe kókó ìtàn jẹ́ ohun tí ìwé kíkọ ti òyìnbó gbé wá. Bakare-Yusuf ti Cassava Republic, tó jẹ́ onímọ̀ kí ó tó di òǹtẹ̀wé, ta kò ó gidigidi. Ó ní èdè tí kò pín akọ àti abo kò fi hàn pé àwọn tó ń sọ ọ́ kò pín wọn nínú ìṣe, àti pé ipò àgbà nìkan kọ́ ni agbára tó wà láwùjọ. Àwọn oríkì òkè yìí gan-an ń ti ọ̀rọ̀ Bakare-Yusuf lẹ́yìn, nítorí ara ni wọ́n ń kì.

Èrò kẹrin yìí ṣe iṣẹ́ pàtàkì ní ti pé kò jẹ́ kí a sọ ayé àtijọ́ di ibi mímọ́ tí kò sí ìfẹ́ owó. Ṣùgbọ́n ó máa ń da ohun méjì pọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí ìyá fi sí ọmọ lára so ọmọ náà mọ́ ilé rẹ̀. Ìpara tí a polówó fún gbogbo ènìyàn kò so ẹnikẹ́ni mọ́ ibì kankan, bó bá sì tán, a ó tún rà.

Àwọn tó ń wo ìwé gẹ́gẹ́ bí ọjà

Ìtàn tó ń júwe ara obìnrin ni wọ́n ń tà. Èrò karùn-ún yìí ló kéré jù ní iye ọmọlẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ló pọ̀ jù, ó sì yẹ kí àwọn lámèyítọ́ ti tú u wò ju báyìí lọ.

Sẹ̀gilọlá ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti Oṣù Keje 1929 dé Oṣù Kẹta 1930, ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí olóòtú Akéde Èkó, ó ń ròyìn bí ẹwà rẹ̀ ṣe gbé e láti ọwọ́ ọkùnrin kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Thomas, olóòtú náà, ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé ẹni gidi ni. Ìwé ìròyìn ayé ìgbà náà gbára lé ẹni tó ń rà á àti ẹni tó ń polówó ọjà sínú rẹ̀. Ìtàn obìnrin tó ń kábàámọ̀ ohun tó fi ara rẹ̀ ṣe ń mú kí wọ́n tún wá ra ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìkìlọ̀ ni ìtàn náà pe ara rẹ̀, fàájì ẹwà sì ni ó fi ń fa ojú mọ́ra. Karin Barber, tó tún ìwé náà tẹ̀ ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ti jẹ́ kó rọrùn láti rí bí ìkìlọ̀ àti fàájì ṣe jọ wà nínú gbólóhùn kan náà.

Bákan náà ni ọjà ìwé Onitsha rí láàárín ọdún 1940 sí 1970, níbi tí Ogali A. Ogali ti ta Veronica My Daughter (1956), àti Kánò láti bí ọdún 1990, níbi tí àwọn obìnrin bíi Balaraba Ramat Yakubu ti ń kọ ìwé ìfẹ́ tí wọ́n ń pè ní soyayya ní èdè Hausa. Ní 2007, gómìnà Kánò dáná sun irú ìwé wọ̀nyí ní gbangba nílé ìwé àwọn ọmọbìnrin. Ẹni tó ń dáná sun ìwé mọ̀ pé ìwé ń ta.

Ó Le Kú ló fi hàn pé òwò náà lè gba ọ̀nà òdì-kejì. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ọ́ ní 1974: Àjàní wà ní yunifásítì, ojú rẹ̀ ò gbélẹ̀ láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Nígbà tí Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, ó wọ aṣọ ayé ìgbà náà fún àwọn ọmọge: ìró kúkúrú tí kò ju orúnkún lọ, bùbá ọlọ́wọ́ gbàgẹ̀rẹ̀, gèlè lórí. Kò pẹ́ tí aránṣọ gbogbo ń rán òlékú. Orúkọ ìwé di orúkọ aṣọ, òde àríyá kún fún un, àwọn tí kò ka ojú ewé kan rí nínú ìwé Ìṣọ̀lá sì ń wọ̀ ọ́. Ìtàn ló ṣáájú níbẹ̀, ọjà ló tẹ̀ lé e. Àwọn tó ní ọjà ló ń darí ìtàn ní láti ṣàlàyé òlékú, wọn kò sì tíì ṣe é.

My Sister, the Serial Killer tí Oyinkan Braithwaite gbé jáde ní 2018 gbé ọ̀rọ̀ náà wọnú fóònù. Àwọn èèyàn rò pé olólùfẹ́ tí Ayoola ti pa sọnù ni. Ayoola fẹ́ gbé àwòrán sí ojú òpó bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Korede ló dá a dúró. Aṣọ tí Ayoola ń yà ni ó ń tà, ẹwà rẹ̀ ni ìpolówó, ẹwà yẹn náà sì ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura sí i. Obìnrin kan náà ni olùtà, àwòrán ìpolówó àti ọjà.

Ibi tí èrò yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni pé iye ìwé tó tà kò sọ ohun tí òǹkàwé rí nínú rẹ̀. Ìwé lè tà nítorí àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹni tó rà á sì kà á lòdì sí àwòrán náà.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ọ̀rọ̀ èdè ni àkọ́kọ́. Orí ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lé, tí ẹ̀bùn 100,000 dọ́là NLNG àti àwọn òǹtẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù ń tì lẹ́yìn. Lẹ́yìn Sẹ̀gilọlá àti Ó Le Kú, ìwé àròsọ Yorùbá kì í sábà wọnú ọ̀rọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ fíìmù Yorùbá ń jáde lójoojúmọ́. Bóyá àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá ń lo oríkì ara láti ta ko àwòrán ìpolówó, tàbí wọ́n ti fi ìpolówó rọ́pò oríkì, kò sẹ́ni tó tíì dáhùn rẹ̀.

Òmíràn ni ohun tí òǹkàwé ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti pa ìwé dé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń tún un sọ pé 77 nínú 100 obìnrin Nàìjíríà ló ń bóra. Àjọ ìlera àgbáyé ti gbé e jáde, lámèyítọ́ sì ń fi í ṣe ẹ̀rí pé ìtàn ń ṣàfihàn ohun tó wà lóde. Ṣùgbọ́n ìwádìí láàárín àwọn oníṣòwò l'Ékòó ni nọ́ḿbà náà ti wá. Kò dúró fún orílẹ̀-èdè. A kò lè fi í wọn bí ìtàn àròsọ ṣe ń ti ènìyàn sídìí ìpara, tàbí bí ó ṣe ń fà wọ́n kúrò níbẹ̀.

Ìdíje Miss World ti 2002 tún ń fa ìbéèrè. Àbújá ni wọ́n fẹ́ ti ṣe é. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná lórí ohun tí ìwé ìròyìn kan kọ nípa rẹ̀, ó lé ní 200 ènìyàn tó kú, wọ́n sì gbé ìdíje náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀sìn, ìwé ìròyìn, owó ìdíje àti ara obìnrin pàdé níbẹ̀ lọ́nà tí kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́, síbẹ̀ kò tíì sí ìwé àròsọ ńlá kan tí àwọn lámèyítọ́ jọ gbà pé ó gbé e dáadáa.

Èyí tó tuntun jù ni òfin ìpolówó. Láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá 2022 ni àjọ ARCON, tó ń rí sí ìpolówó, ti fòfin de àwọn àfiṣàwòrán àti olóhùn ilẹ̀ òkèèrè nínú ìpolówó Nàìjíríà. Ojú àti ara ọmọ Nàìjíríà ni ó yẹ kó wà lórí pátákó báyìí. Èrò kìíní yóò ní ara tiwa náà ni wọ́n kúkú ń tà. Èrò kẹta yóò ní obìnrin ti rí ẹni tó jọ ọ́. Àwọn ìwé tí àwọn ọmọbìnrin tó dàgbà lábẹ́ pátákó wọ̀nyí yóò kọ ni a fi lè yẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì wò, wọn kò sì tíì kọ wọ́n.